Àyè Windows Pọ̀, Ti Linux Há: Bí A Ṣe Ń Sún Ààlà Wọn Láìpàdánù Fáìlì

Láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tó ní díìsìkì 256GB wọ́pọ̀ gan-an lọ́jà Ìbàdàn. Ẹni tó bá ra ọ̀kan ní Agbowó, níwájú Yunifásítì, tó sì fẹ́ fi Linux sẹ́gbẹ̀ẹ́ Windows tó bá nínú rẹ̀, sábà máa ń fún Linux ní 30GB péré, torí kò tíì dá a lójú pé òun á lò ó pẹ́. Láti ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025 tí Microsoft ti dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró, ìdí tuntun ti wà fún irú ìgbésẹ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ àtijọ́ ni kò ní TPM 2.0 (ẹ̀yà ààbò inú ẹ̀rọ) tí Windows 11 ń béèrè. Kò ní pẹ́, Linux á di ibi tí iṣẹ́ gan-an ti ń lọ, á sì kún dé ọrùn, nígbà tí 90GB wà lápá Windows tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn. Èrò tó máa ń sọ síni lọ́kàn ni pé kí á bù lára ti Windows fún Linux. Ó ṣeé ṣe, kò sì gba owó. Ṣùgbọ́n ibi tí iṣẹ́ yìí ti ń bà jẹ́ kọ́ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń wò.

Díìsìkì kì í ṣe àmù omi tí a lè bù níbikíbi. Ilẹ̀ ni. Pátíṣọ̀n kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ìpín kọ̀ọ̀kan lára díìsìkì, ní ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, ó ní ibi tó parí sí, ó sì ní aládùúgbò lọ́tùn-ún lósì. Ẹni tó nílé ní Bódìjà, tó wá ra ilẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà 20 ní Mọ́níyà, kò tíì mú àgbàlá ilé rẹ̀ fẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni 50GB tó bá ṣófo níbi tí kò kan Linux. Ohun kan tún wà tó ju èyí lọ: ìparí pátíṣọ̀n rọrùn láti sún, ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni kò rọrùn. Bí àyè bá wà lọ́wọ́ ọ̀tún ext4 (irú pátíṣọ̀n tí Linux sábà ń lò), a kàn máa fa ìparí rẹ̀ síwájú ni, àṣẹ resize2fs á sì parí iṣẹ́ náà láàárín ìgbà díẹ̀, kódà nígbà tí Linux ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Bí àyè bá wà lọ́wọ́ òsì, ìbẹ̀rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ yí padà, ètò tó ń ṣe é yóò sì ní láti kó gbogbo ohun tó wà nínú pátíṣọ̀n náà, díẹ̀díẹ̀, lọ sí ibi tuntun. Bí iná bá lọ láàárín ìyẹn, apá kan wà níbi àtijọ́, apá kan wà níbi tuntun, kò sì sí ohun tó sọ ibi tí iṣẹ́ dé dúró. Kí ẹ tó béèrè pé mélòó lẹ fẹ́ bù, ẹ béèrè ọwọ́ tí àyè náà máa bọ́ sí.

Nítorí náà ẹ kọ́kọ́ wo bí díìsìkì yín ṣe rí. Ní Windows, ẹ tẹ diskmgmt.msc, Disk Management á ṣí. Ní Linux, ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lo lsblk, ṣùgbọ́n lsblk kì í fi àlàfo hàn. Àṣẹ sudo parted /dev/sda unit MiB print free ló ń fi í hàn. (Bó bá jẹ́ NVMe, irú SSD kan, ni, /dev/nvme0n1 ni ẹ máa kọ dípò /dev/sda.) Lórí ẹ̀rọ UEFI (ọ̀nà tuntun tí ẹ̀rọ fi ń tàn) tí Windows ti kọ́kọ́ wà lórí rẹ̀, ohun tí ẹ sábà máa bá láti òsì sí ọ̀tún nìyí: EFI (100MB), tí ẹ̀rọ fi ń tàn; MSR (16MB), tí Windows fi pamọ́ fún ara rẹ̀, tí Disk Management kì í fi hàn rárá; C:, ibi tí Windows wà; lẹ́yìn náà ext4 ti Linux; àti ní ìparí pátápátá, Recovery, tí Windows fi ń tún ara rẹ̀ ṣe. Linux bọ́ sáàárín C: àti Recovery nítorí ibẹ̀ ni àlàfo wà nígbà tí wọ́n dín C: kù lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹ má ṣe tẹ̀ lé nọ́ńbà: sda5 lè wà ṣáájú sda4 lórí díìsìkì, torí ìgbà tí wọ́n dá pátíṣọ̀n ni nọ́ńbà ń tẹ̀ lé, kì í ṣe ibi tó wà.

Ẹ wá wo ohun tí ìtò yìí fà. Gbogbo àyè tí ẹ bá gbà lọ́wọ́ C: lónìí, òsì ext4 ló máa bọ́ sí, ọwọ́ tó léwu. Lọ́wọ́ ọ̀tún, Recovery ti dí ọ̀nà.

Kí ẹ tó gé ohunkóhun, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ẹ nílò rẹ̀. Ní Linux, sudo du -xh --max-depth=2 / | sort -h | tail -25 á fi ibi tí àyè lọ hàn yín. Lọ́pọ̀ ìgbà, Timeshift, ètò tó ń ṣe ẹ̀dà Linux, ló ń tọ́jú ẹ̀dà mẹ́fà sórí díìsìkì kan náà, tàbí àkọsílẹ̀ systemd, ètò tó ń darí iṣẹ́ inú Linux, ló ti dàgbà (sudo journalctl --vacuum-size=200M á dín in kù), tàbí kánẹ̀ẹ́lì (ọkàn Linux) àtijọ́ ló kún /usr/lib/modules (sudo apt autoremove --purge). Ext4 pàápàá máa ń fi 5% pamọ́ fún root, alákòóso ẹ̀rọ: lórí 100GB, 5GB nìyẹn. Lórí pátíṣọ̀n tó jẹ́ ti fáìlì nìkan, sudo tune2fs -m 1 /dev/sda6 á dá púpọ̀ nínú rẹ̀ padà fún yín. Lórí pátíṣọ̀n tí ètò Linux fúnra rẹ̀ wà, ẹ fi 5% yẹn sílẹ̀ bó ṣe wà. Òun ló ń jẹ́ kí ẹ̀rọ ṣì ṣeé tàn nígbà tí gbogbo nǹkan bá kún.

Bí ẹ bá ti rí i pé gígé náà pọn dandan, ohun mẹ́ta ló ṣáájú. Èkíní, ẹ̀dà fáìlì yín lórí díìsìkì mìíràn. Pátíṣọ̀n mìíràn lórí díìsìkì kan náà kò kà. Èkejì, ẹ fi sudo sfdisk -d /dev/sda > tabili.txt kọ ìtò pátíṣọ̀n sílẹ̀, kí ẹ sì gbé fáìlì kékeré yẹn sórí fóònù yín. Bí tábìlì bá bà jẹ́ nígbà tí fáìlì inú pátíṣọ̀n ṣì wà níbi tí wọ́n wà, nọ́ńbà inú rẹ̀ lẹ máa fi tún ààlà fà. Ẹ̀kẹta ni ìlera díìsìkì, pàápàá bó bá jẹ́ irú èyí tó ń yí. Ẹ fi smartmontools sórí ẹ̀rọ, kí ẹ tẹ sudo smartctl -a /dev/sda. Bí Current_Pending_Sector bá ju 0 lọ, ẹ dáwọ́ dúró. Díìsìkì tòkunbọ̀ tó ní ibi tí kò ṣeé kà mọ́ lè máa ṣiṣẹ́ lọ fún ọdún kan láìjẹ́ kí ẹ mọ̀, torí ẹ kò kàn án níbi tó ti bà jẹ́. Sísún pátíṣọ̀n ni iṣẹ́ tó máa fọwọ́ kan gbogbo ibẹ̀ pátá, á sì kọsẹ̀ lágbede méjì.

Ọ̀rọ̀ wá kan Windows. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí Windows fúnra rẹ̀ dín C: kù, kí ẹ má fi GParted, ètò Linux tó ń gé pátíṣọ̀n, ṣe é. GParted mọ NTFS, irú pátíṣọ̀n tí Windows ń lò, ó sì lè ṣe é, ṣùgbọ́n bí BitLocker, ètò Windows tó ń fi kọ́kọ́rọ́ ti díìsìkì pa, bá wà lórí C:, kò ní lè fọwọ́ kàn án, bẹ́ẹ̀ ni Windows 11 tuntun sì máa ń tan irú ìpamọ́ bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀ lórí ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù. Ẹ ṣí Command Prompt gẹ́gẹ́ bí Administrator, kí ẹ tẹ manage-bde -status. Bó bá sọ pé ó wà, ẹ tẹ manage-bde -protectors -get C: kí ẹ sì kọ kọ́kọ́rọ́ onínọ́ńbà 48 yẹn sínú ìwé, kì í ṣe sínú láptọ́ọ̀pù náà. Àtúnṣe díẹ̀ sí bí ẹ̀rọ ṣe ń bẹ̀rẹ̀ tó láti mú kí Windows béèrè rẹ̀, ẹni tí kò bá sì ní i lọ́wọ́ kò ní ọ̀nà mìíràn láti wọlé sínú fáìlì rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ chkdsk C: /f, ẹ gbà kó ṣe é nígbà tí ẹ̀rọ bá tún tàn. Wàyí o, ẹ tẹ ọ̀tún máòsì lórí C: nínú Disk Management, ẹ yan Shrink Volume. Ibí ni ìjákulẹ̀ àkọ́kọ́ wà: 90GB ló ṣófo, ṣùgbọ́n Windows lóun kò lè fi ju 7GB sílẹ̀. Kò parọ́. Ó ní àwọn fáìlì tí kò lè sún nígbà tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, ọ̀kan nínú wọn sì jókòó sí àárín ilẹ̀ náà. Ibi tó jókòó sí ni gígé parí sí. Hiberfil.sys (tí Windows fi ń sùn), pagefile.sys (àfikún ìrántí rẹ̀) àti àwọn ẹ̀dà System Restore ló sábà máa ń jẹ́. Ẹ tẹ powercfg /h off: èyí á pa hiberfil.sys rẹ́, á sì pa Fast Startup pẹ̀lú. Ẹ pa pagefile fún ìgbà díẹ̀ nínú ètò Virtual Memory, ẹ pa System Protection lórí C: (àwọn ẹ̀dà ìmúpadà àtijọ́ á lọ, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀), ẹ tún ẹ̀rọ tàn, kí ẹ tún gbìyànjú. Bó bá ṣì kọ̀, ẹ ṣí Event Viewer, Windows Logs, Application, kí ẹ wá nọ́ńbà 259. Ó máa ń dárúkọ fáìlì tó dí ọ̀nà gan-an. Nọ́ńbà tí ẹ máa kọ sínú àpótí Shrink jẹ́ MB: 50GB jẹ́ 51200, torí Windows ń fi 1,024 ka. Ìdí kan náà ló fi ń pe díìsìkì 256GB ní 238, tó sì ń pe 500GB ní 465. Ẹ fi ó kéré tán 20GB ṣófo sílẹ̀ fún Windows. Ìmúdójúìwọ̀n ńlá kan ṣoṣo lè gbé ibẹ̀ kún. Bí ẹ bá gé e tán, ẹ dá pagefile padà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá Fast Startup padà. Nígbà tó bá wà, Windows kì í kú tán nígbà tí ẹ bá pa á. Ó ń sùn ni, ó sì gbàgbọ́ pé bí òun ṣe fi C: sílẹ̀ lòun á ṣe bá a. Kí Linux wá kọ nǹkan síbẹ̀ nígbà tí onílé rò pé ilẹ̀kùn òun ṣì wà ní títì, ibẹ̀ ni fáìlì ti ń bà jẹ́.

Ní báyìí, àlàfo 50GB wà lósì ext4. Ọ̀nà méjì ló kù, mo sì ní èyí tí mo fara mọ́.

Èyí tí mo fara mọ́ ni pé kí ẹ má sún ext4 rárá. Ẹ dá pátíṣọ̀n tuntun sínú àlàfo náà, kí ẹ sì kó /home, fóldà tí fáìlì yín wà, lọ síbẹ̀. /home ló sábà ń gba àyè jù, àti pé bí ẹ bá fẹ́ fi Linux tuntun sórí ẹ̀rọ lọ́jọ́ iwájú, fáìlì yín ti wà lọ́tọ̀. Iná lè lọ nígbà mẹ́ta láàárín iṣẹ́ yìí, kò ní sí ohun tó sọnù, torí ẹ̀dà àtijọ́ ṣì wà níbi tó wà. Ẹ fi fláàṣì tó ní Linux Mint tàbí GParted Live tan ẹ̀rọ. Ẹ dá ext4 tuntun sínú àlàfo. Ká ní ó di sda6, tí Linux yín sì jẹ́ sda5. Lẹ́yìn náà:

sudo mkdir /mnt/atijo /mnt/tuntun
sudo mount /dev/sda5 /mnt/atijo
sudo mount /dev/sda6 /mnt/tuntun
sudo rsync -aAXH /mnt/atijo/home/ /mnt/tuntun/
sudo mv /mnt/atijo/home /mnt/atijo/home.atijo
sudo mkdir /mnt/atijo/home

Ẹ kíyè sí àmì / tó parí /home/ nínú àṣẹ rsync. Bí ẹ bá gbàgbé rẹ̀, fóldà home á wọ inú home mìíràn, ẹ̀rọ á tàn, ṣùgbọ́n kò ní rí fáìlì yín, á sì máa dá yín padà síbi tí ẹ ti ń tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà. Tẹ́ ẹ bá ti parí èyí, sudo blkid /dev/sda6 á fún yín ní UUID, nọ́ńbà ìdánimọ̀ pátíṣọ̀n náà; ẹ fi ìlà kan kún /mnt/atijo/etc/fstab (fáìlì tí Linux fi ń mọ pátíṣọ̀n tó máa lò), kí ìlà náà jẹ́ èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú UUID= àti nọ́ńbà yẹn, tí /home ext4 defaults 0 2 sì tẹ̀ lé e. Lẹ́tà kan tó bá ṣì nínú UUID tó láti mú kí Linux dúró sí ipò pàjáwìrì nígbà tó bá ń tàn. Bó bá ṣẹlẹ̀, ẹ má bẹ̀rù, ẹ tún fi fláàṣì wọlé, kí ẹ tún ìlà náà kọ.

Ọ̀nà kejì ni kí ẹ sún ìbẹ̀rẹ̀ ext4 lọ sósì. Ẹni tí àyè há mọ́ ní / (ibi tí ètò Linux wà) fúnra rẹ̀, tí kì í ṣe ní /home, lè ní láti ṣe é. Ẹ ṣírò àkókò rẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀: bí díìsìkì tó ń yí bá ń kó 40MB ní ìṣẹ́jú àáyá kan, 200GB á gba ìṣẹ́jú 83, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ìlú tí iná ti ń wá tó ń lọ bí ó ṣe ń ṣe nílùú wa, ìṣẹ́jú 83 gùn. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé jẹnẹrétọ̀ ilé kejì. Láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ lè sọ pé bátìrì òun jẹ́ 100% kó sì kú láàárín ìṣẹ́jú 20. Ní Windows, powercfg /batteryreport á fi Design Capacity àti Full Charge Capacity sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn fún yín. Bí èkejì kò bá tó ìdajì èkíní, ẹ wá ínfátà tó kún dáadáa ṣáájú. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì tí kò ní UPS, ẹ má dán an wò lórí rẹ̀. Ẹ sì pa ètò tó ń mú kí ẹ̀rọ sùn lórí fláàṣì tí ẹ fi tan án.

Nínú GParted, bí ẹ bá rí àmì kọ́kọ́rọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ pátíṣọ̀n, ó túmọ̀ sí pé nǹkan ń lò ó. Swap, àyè díìsìkì tí Linux fi ń kún ìrántí, ló sábà máa ń jẹ́, ẹ yan Swapoff. Ẹ tẹ ext4, ẹ yan Resize/Move, ẹ fa etí òsì rẹ̀ títí Free space preceding á fi di 0, ẹ fi Align to sílẹ̀ ní MiB. Ó máa kìlọ̀ fún yín nípa ìbẹ̀rẹ̀ pátíṣọ̀n. Ìkìlọ̀ náà kì í ṣe àṣejù. Ẹ jẹ́ kó ṣe iṣẹ́ kan ṣoṣo, kó parí, kí ẹ tó fún un ní òmíràn. Bó bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ má tẹ Cancel, kódà bó bá jọ pé ó ti dúró lójú kan fún ogún ìṣẹ́jú.

Lórí ẹ̀rọ àtijọ́ tó ń lo MBR, ọ̀nà àtijọ́ láti to pátíṣọ̀n, ọ̀rọ̀ yí díẹ̀. MBR kò gba ju pátíṣọ̀n gidi mẹ́rin lọ, nítorí náà Linux sábà máa ń wà nínú Extended, tó dà bí ọgbà tí wọ́n fi yí ilé kéékèèké ká. Ilé inú rẹ̀ kò lè fẹ̀ kọjá ọgbà. Ẹ kọ́kọ́ fa etí ọgbà náà dé àlàfo, èyí tí kì í pẹ́, torí kò sí fáìlì tó ń sún. Lẹ́yìn náà ni ẹ máa fọwọ́ kan ext4. Irú ẹ̀rọ yìí náà ni grub rescue> sábà máa ń yọjú lórí rẹ̀ bí nọ́ńbà pátíṣọ̀n bá yí padà. Fáìlì yín kò lọ síbì kankan. GRUB, ètò tó ń tan Linux, ló ń wá fóldà rẹ̀ níbi àtijọ́. Ẹ tẹ ls, ẹ wo orúkọ tó bá jáde, kí ẹ dán wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan bíi ls (hd0,msdos6)/boot/grub títí ẹ fi rí èyí tó ní fáìlì. Lẹ́yìn náà:

set root=(hd0,msdos6)
set prefix=(hd0,msdos6)/boot/grub
insmod normal
normal

Linux á tàn. Kí ẹ tó ṣe nǹkan mìíràn, ẹ tẹ sudo grub-install /dev/sda àti sudo update-grub, láìṣe bẹ́ẹ̀ ẹ ó tún bá a níbẹ̀ lọ́la.

Swap ní ìyọnu tirẹ̀. Bí ẹ bá pa á rẹ́ tí ẹ sì dá a padà síbòmíràn, UUID rẹ̀ ti yí padà, Linux á sì máa dúró de èyí àtijọ́ fún ìṣẹ́jú kan àti ààbọ̀ ní gbogbo ìgbà tó bá ń tàn. Ẹ tún un kọ nínú fstab, ẹ tún un kọ nínú /etc/initramfs-tools/conf.d/resume bí fáìlì yẹn bá wà, kí ẹ sì tẹ sudo update-initramfs -u.

Bó bá jẹ́ Windows ni àyè há mọ́, Linux ló gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀. Ext4 kò ṣeé dín kù nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́, orí fláàṣì ni ẹ ti máa ṣe é. XFS, irú pátíṣọ̀n Linux mìíràn, ní tirẹ̀ kò ṣeé dín kù pẹ̀lú GParted rárá. Disk Management kì í fa C: gùn àfi tí àlàfo bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ́tùn-ún tààrà, èyí tó tún túmọ̀ sí pé ìbẹ̀rẹ̀ ext4 gbọ́dọ̀ sún. Ní tèmi, mo máa ń dámọ̀ràn pé kí ẹ dín ext4 kù láti ìparí rẹ̀, kí ẹ dá NTFS sínú àlàfo náà gẹ́gẹ́ bíi D:, kí ẹ sì lo Properties, Location, láti kó Documents àti Downloads lọ síbẹ̀. Linux náà á lè kà á, á sì lè kọ sí i, àwọn méjèèjì á wá jọ máa lo àyè kan náà.

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ fi Linux sórí ẹ̀rọ ní àǹfààní tí àwa yòókù kò ní. LVM àti Btrfs, ọ̀nà méjì mìíràn tí Linux fi ń to àyè díìsìkì, kò ka ọ̀rọ̀ aládùúgbò sí. Pẹ̀lú LVM, ẹ ó dá pátíṣọ̀n sínú àlàfo tó bá wù yín, ẹ ó fi pvcreate àti vgextend mú un wọ ẹgbẹ́, lvextend -r -l +100%FREE á sì fún ext4 ní gbogbo rẹ̀ láìpa ẹ̀rọ. Ilẹ̀ Bódìjà àti ti Mọ́níyà ti di ọ̀kan lójú wọn. Ẹ yàn án lọ́jọ́ tí ẹ bá ń fi Linux síbẹ̀, torí yíyí ext4 lásán padà sí LVM lẹ́yìn náà le ju gbogbo ohun tí mo kọ sókè yìí lọ.

Bí gbogbo rẹ̀ bá parí, ẹ tan Windows, kí ẹ ṣí fáìlì bíi mẹ́ta tó tóbi. Ẹ tan Linux, ẹ tẹ df -h, ẹ rí i pé /home wà lórí sda6. Ẹ pa á, ẹ tún un tàn, ẹ fi lò fún ọ̀sẹ̀ kan. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ tó lè tẹ sudo rm -rf /home.atijo, àyè / á sì ṣí.